Mílíìkì Kì Í Fọ Eruku Kúrò Nínú Ẹ̀dọ̀fóró

Bí iṣẹ́ bá parí níbi tí wọ́n ti ń gé táìlì tàbí tí wọ́n ti ń fọ́ ògiri, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ a ra mílíìkì agolo kan, wọ́n á lu ihò méjì sórí rẹ̀, wọ́n á gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn a fi ṣíbí bu epo pupa. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ohun tó bá ń yọ̀ yóò wọ́ eruku kúrò láyà. Ó yé mi bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀: ọ̀fun tó gbẹ táútáú a máa yún ni, mílíìkì sì ń tù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló wà lọ́rùn. Ọ̀kan wà níwájú, òun ni èémí ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ni oúnjẹ ń gbà lọ sínú ikùn. Bí a bá fẹ́ gbé nǹkan mì, ìdérí kékeré kan a pa ọ̀nà èémí dé. Bí ìdérí náà bá ṣàṣìṣe pẹ́nrẹ́n, tí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ṣìnà wọ ibẹ̀, omi náà á pá ni lórí, ikọ́ á sì gba gbogbo ilé kan. Mílíìkì tí ẹnì kan bá mu láìwúkọ́, inú ikùn ló lọ, kò fojú kan ẹ̀dọ̀fóró rárá.

Mo kọ́kọ́ mẹ́nu ba mílíìkì nítorí pé ó ti gba àyè ohun tí ì bá gba òṣìṣẹ́ là. Ẹni tó gbà pé agolo kan yóò fọ àyà òun nírọ̀lẹ́ kì yóò wá omi tí yóò dà sójú abẹ kọ́tà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìlì àti òkúta, láàárọ̀.

Eruku tó bo irun orí òṣìṣẹ́ títí tó fi dà bí arúgbó kọ́ ló burú jù. Ẹ mú mìlímítà kan, ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000: ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní máíkírọ́ọ̀nù. Irun orí fẹ̀ tó nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 70. Eruku tó bá ju máíkírọ́ọ̀nù 10 lọ, imú àti ọ̀fun ló sábà ń dá a dúró. Èyí tó ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kò ju nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 4 lọ, ó kéré sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Ojú kò lè rí ẹyọ rẹ̀. Àfi bí ìtànṣán oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé ni ènìyàn tó lè rí i fìrí, bíi pé nǹkan ń jó nínú afẹ́fẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ náà yàtọ̀ síra. Nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́, ẹyọ eruku òkúta tó tó máíkírọ́ọ̀nù 10 yóò ti ibi gíga imú ènìyàn dé ilẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èyí tó jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 1 yóò lò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹni tó gé táìlì tán ní aago mẹ́wàá, tó ní eruku ti rọlẹ̀, tó bọ́ ìbòmú láti jẹun nínú yàrá kan náà, èyí tó burú jù nínú eruku náà ló fi ń jẹ ẹ̀bà.

Ara kò fi ọ̀nà èémí sílẹ̀ láìní oníbodè. Irun imú wà, ikun wà, ọ̀nà imú fúnra rẹ̀ sì rí kọ́lọkọ̀lọ débi pé eruku ńlá kò lè yà níbẹ̀ láìforí sọ ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, irun tín-ín-tín wà lára ògiri àwọn òpó èémí. Wọ́n ń jù síwá sẹ́yìn ní ìgbà 10 sí 15 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n ń ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀fun, kí a lè tu ú tàbí kí a gbé e mì. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ eérú tí òṣìṣẹ́ ń tu láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ló ti wá. Kò yẹ kó dẹ́rù bani. Eruku tí a bá tu jáde ti lọ. Sìgá ló ń sọ àwọn irun yìí di aláìlágbára, tí eruku fi ń ráyè dúró.

Ṣùgbọ́n irun yẹn kò dé ìparí ọ̀nà. Níbi tí òpó èémí ti tán ni àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké wà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 sí 500 nínú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, tí ògiri wọn fẹ́lẹ́ tó fi jẹ́ pé atẹ́gùn lè gbà á kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí irun tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní makirofáàjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rìn kiri, kí ó máa gbé ohunkóhun tó bá jẹ́ àjèjì mì: kòkòrò àìsàn, eérú, sẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Ó ní àpò kan nínú tí omi kíkan kún inú rẹ̀, ibẹ̀ ló ń ju ohun tó bá gbé mì sí kí ó lè rà.

Bí ó bá gbé kòkòrò àìsàn mì, kòkòrò náà á rà. Bí ó bá gbé eruku òkúta ẹfun mì, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, òun náà á yọ́ díẹ̀díẹ̀. Sílíkà ni kì í rà, kì í sì í yọ́. Sílíkà ni èròjà tó pọ̀ jù nínú yanrìn. Ó wà nínú gíránáìtì àti àwọn òkúta líle mìíràn tí wọ́n ń fọ́ káàkiri Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Kí òkúta kan tó lè jẹ́ gíránáìtì lójú àwọn onímọ̀ òkúta, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ irú sílíkà tí wọ́n ń pè ní quartz.

Ojú ibi tí sílíkà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ kì í sinmi. Àwọn ìdè tó so ó pọ̀ ti já, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò dì mọ́, awọ àpò omi kíkan yẹn ni wọ́n sì ń rí dì mọ́ títí yóò fi ya. Ìdí nìyí tí eruku òkúta tó jáde lábẹ́ abẹ kọ́tà ní ìṣẹ́jú yìí fi le ju èyí tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí àpò bá ya, omi kíkan àti àwọn èròjà tó ń jẹ nǹkan rà yóò tú sínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí fi hàn pé ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì yìí tó ń jẹ́ NLRP3. Ó dà bí agogo ọlọ́dẹ: ní kété tí àpò bá ti ya, yóò dún, sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní interleukin-1 beta síta. Igbe “olè!” tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ nìyẹn. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí á fẹ̀, omi á máa jò jáde, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á rọ́ dé pẹ̀lú ohun ìjà wọn. Ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná. Ohun tí a ń fojú rí lára eéwo náà ni, àmọ́ inú àpò afẹ́fẹ́ ni, níbi tí ojú kò dé.

Bó bá jẹ́ kòkòrò àìsàn ni wọ́n wá bá jà, wọn ì bá pa á, kí oníkálùkù padà sílé. Àmọ́ makirofáàjì tó gbé sílíkà mì yóò kú, yóò tú, ẹyọ òkúta yóò sì jáde nínú rẹ̀ láìfarapa. Òmíràn á dé, á gbé e mì, òun náà á kú. Ẹyọ kan náà lè máa pa wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, agogo yóò sì máa dún. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: òkúta fúnra rẹ̀ kò ní eyín, ohun ìjà tí ara fi ń bá a jà ló ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Níbi tí ìjà bá ti pẹ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi yí i ká. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun àpá á dé, wọ́n á máa hun okùn líle lé ara wọn títí yóò fi di kókó. Bí wọ́n bá gé kókó náà wò lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó rí ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà tí a là sí méjì. Àpá kì í nà bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń nà, atẹ́gùn kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá. Bí kókó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àyè èémí ń dín kù. Sílíkósísì ni wọ́n ń pe àìsàn yìí. Kò sí oògùn tó ń tú àpá náà. Ó sì lè máa gbilẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ènìyàn ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí pé òkúta ṣì wà nínú ilé.

Bí eruku bá mọ níwọ̀n, ọdún mẹ́wàá sókè ló sábà ń gbà kí ó tó fara hàn. Bí ó bá pọ̀, ó lè dín sí ọdún márùn-ún. Bí ó bá pọ̀ rékọjá, tí ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, oṣù díẹ̀ ti tó: omi tó nípọn á kún inú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kí àpá tiẹ̀ tó ráyè hù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hawk's Nest nìyẹn, ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1930 àti 1931. Wọ́n ń gbẹ́ ihò gba inú òkè kọjá kí omi odò lè gba ibẹ̀ lọ yí ẹ̀rọ iná mànàmáná. Sílíkà pọ̀ gan-an nínú òkúta ibẹ̀, wọ́n sì ń lu ú ní gbígbẹ, láìsí omi lẹ́nu dírílì. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ṣiṣẹ́ nínú ihò náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ebi lé kúrò ní ìhà gúúsù. Ìṣirò tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà fi iye àwọn tó kú sí 764, ó kéré tán. Wọ́n ti mọ ìwúlò omi lẹ́nu dírílì nígbà yẹn; lílu ún ní gbígbẹ ló yá jù.

Kò sì dìgbà tí ènìyàn bá wọ inú òkè. Lọ́dún 1975, àwọn dókítà kọ ìwé nípa àwọn tó ń gbẹ́ ọlọ ní àríwá Nàìjíríà. Òòlù àti irin ni irinṣẹ́ wọn, gbangba ìta ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ sílíkósísì wà lára wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò ní ẹ̀rọ kankan nínú. Mo máa ń rántí wọn bí ẹnì kan bá sọ pé afẹ́fẹ́ ìta gbangba yóò gbé eruku lọ.

Báwo wá ni eruku náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí ó tó léwu? Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2016 kò fàyè gba ju máíkírógíráàmù 50 sílíkà lọ nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, bí a bá ṣe ìpíndọ́gba rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára ń mí irú àpótí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá láàárín wákàtí mẹ́jọ. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀: máíkírógíráàmù 500, ìyẹn ìdajì mìlígíráàmù. Kò ju hóró iyọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ fún odindi ọjọ́ kan. Kọ́tà tó ń gé búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré ní gbígbẹ nínú yàrá lè fi ìlọ́po púpọ̀ kọjá ààlà yìí ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nípa sìmẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ máa ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì inú àpò kò ní irú sílíkà yìí púpọ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jó awọ ara àti imú. Ìgbà tí wọ́n bá ti pò ó mọ́ yanrìn, tó ti gan, tí ẹnì kan wá ń gé e tàbí tó ń fi ẹ̀rọ yún un, ni sílíkà inú yanrìn náà ń fọ́ di eruku. Eruku ìyẹ̀fun búrẹ́dì àti ti pákó ń gba ọ̀nà mìíràn wọlé: wọ́n lè mú kí ara kórìíra wọn débi pé àyà á máa há bí ti oníkọ́ fée, èyí tí wọ́n ń pè ní asthma. Mi ò ní wọ inú ìyẹn níbí.

Omi lẹ́nu ibi tí òkúta ti ń fọ́ ni mo gbára lé ju ohunkóhun lọ, nítorí pé eruku tó ti tutù kò lè fò. Fún kọ́tà ọlọ́wọ́ tó ń gé búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré, ìlànà tí àwọn aláṣẹ ààbò iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò ni ìdajì lítà omi láàárín ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Ẹ̀rọ ìfin-oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó ń gba lítà 16, yóò tó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 32. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 yóò tó fún 40. Ẹ má lo èyí tí wọ́n ti fi fín oògùn rí. Omi náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí ojú ibi tí abẹ ti ń jẹ òkúta gan-an. Kí ènìyàn kàn wọ́n omi sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò tó, torí pé inú òkúta tí abẹ ń là ṣì gbẹ.

Àṣìṣe kan wà níbí tó lè pa ènìyàn kí eruku tó pa á. Kọ́tà oníná tí wọn kò ṣe fún omi, ẹ má da omi sí i. Èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọ̀nà omi lára rẹ̀ ni kí ẹ lò, tàbí èyí tó ń lo pẹtiróòlù, ìta gbangba sì ni kí ẹ ti lò ó nítorí èéfín rẹ̀. Fún táìlì, ohun tó rọrùn jù ni irinṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà, tó ń fi ẹnu rẹ̀ kọ ilà sójú táìlì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ kí ó ṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú eruku wá rárá. Ibi kọ̀rọ̀ àti ihò páìpù nìkan ló yẹ kí kọ́tà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún.

Ẹrẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù, ẹ kó o ní tútù. Bí ó bá gbẹ, eruku náà ló padà dà. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ a tún gbé e dìde, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fẹ́ aṣọ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìwájú imú ẹni tó wọ aṣọ náà ló ń fẹ́ eruku sí. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ níta, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ rò pé bẹ́ẹ̀ ló dára, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ara kọjá a máa yí padà níwájú àyà, a sì gbé eruku wá sójú. Ẹ jẹ́ kí ó máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ yín.

Ìbòmú ló kẹ́yìn nínú ètò yìí, kì í ṣe òun ló ṣíwájú. Áńkáṣíìfù àti ìbòmú aláwọ̀ búlúù tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò kò lè dá eruku yìí dúró, torí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìbòmú tí wọ́n ń pè ní N95 ń mú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí wọ́n ń pè ní FFP3 ń mú 99, bí etí rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ojú. Okùn méjì ló ní: ọ̀kan lọ sókè orí, ọ̀kan sísàlẹ̀ etí. Ẹni tó jẹ́ kí okùn kan máa mì dirodiro lọ́rùn kò wọ nǹkan kan. Irùngbọ̀n ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ bákan náà. Ẹ tẹ irin orí imú, ẹ fọwọ́ bo iwájú rẹ̀, ẹ fẹ́ èémí jáde; bí atẹ́gùn bá kan ojú yín, kò tíì bá yín mu.

Ní ti ilé ìwòsàn, àmì àkọ́kọ́ sílíkósísì kì í dẹ́rù bani. Ikọ́ ni, lẹ́yìn náà ni àtẹ̀gùn tí ènìyàn ti ń gùn láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Lórí ẹ́sírèè, òkè ẹ̀dọ̀fóró ni àwọn kókó náà sábà ń pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni ikọ́ ife, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní TB, fẹ́ràn jù. Ọ̀kan sì lè jọ èkejì lójú ẹni tí kò bi aláìsàn léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, méjèèjì ló wà níbẹ̀, torí pé ẹ̀ṣọ́ tí sílíkà ti pa kò lè bá kòkòrò ikọ́ ife jà mọ́. Torí náà, ẹ ṣàyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ sì sọ fún dókítà irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, iye ọdún tí ẹ ti ń ṣe é, àti bóyá ní gbígbẹ ni. Láti ọdún 1997 ni àjọ àgbáyé tó ń wádìí okùnfà jẹjẹrẹ sì ti ka eruku sílíkà yìí mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí wọ́n ń sanwó lé. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sí àpò tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, ń bójú tó. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé owó oṣù ẹnì kan kí ó tó lè dé ibẹ̀. Àwọn ìyá tó ń fi òòlù fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Fún wọn, kò sí kọ́tà, kò sí ọ̀nà omi. Wọ́n jókòó sílẹ̀, orí tẹ̀ síwájú, imú kò jìnnà sí ibi tí òòlù ti ń balẹ̀. Kí wọ́n da omi sórí òkìtì òkúta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún dà á bí ó bá ti ń gbẹ. Ṣùgbọ́n òòlù kọ́ ló ń tú eruku jù níbẹ̀, sísẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n bá ń sẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, gbogbo èyí tó kúnná jù ló ń fò lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ṣeé sẹ́ bí ó bá tutù jù nítorí ojú asẹ́ á dí. Kí wọ́n gbé asẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́, ìyẹn apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí wọ́n jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lókè afẹ́fẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, títí wọn yóò fi sẹ́ ẹ tán.